Ìkòkò tó jáde nínú fáńdéṣọ̀n: kí ni àwọn awalẹ̀pìtàn ń wá nínú ahoro?

Àbúrò bàbá mi ra plọ́ọ̀tì kan lẹ́yìn ìlú, apá ibi tí Òṣogbo ti ń fẹ̀ wọ inú oko báyìí, ibi tó jẹ́ pé nígbà tí mo wà ní kékeré kòkó àti ọ̀pẹ nìkan ló wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ń gbẹ́ fáńdéṣọ̀n, mo bá wọn débẹ̀. Ilẹ̀ pupa lásán ni gbogbo ẹ̀, àfi ìgbà tí wọ́n dé igun kan tí ilẹ̀ yẹn ṣàdédé dúdú bí ìdí ìkòkò, ni àpáàdì bá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, àpáàdì lórí àpáàdì, èédú, èèpo ẹ̀kùrọ́ tó ti jó, àti ìkòkò odindi kan tó dojú délẹ̀. Háà! Lébìrà méjì ju ṣọ́bìrì sílẹ̀. Ọ̀kan ní owó àwọn ará ìjọ́un ló wà nínú ẹ̀, èkejì ní èèdì ni, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án á rí i. Wọ́n wo inú ẹ̀, erùpẹ̀ ni. Wọ́n fi dígà fọ́ ọ, ẹnì kan lọ gbé òróró àdúrà wá, wọ́n dà á sí i, wọ́n gbá gbogbo ẹ̀ padà sínú kòtò, kọnkéré gorí ẹ̀, ó parí. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mi ò la ẹnu o. Àpáàdì kan péré ni mo kì bọ àpò torí pé ọnà ara ẹ̀ wù mí.

Ohun tí wọ́n bá pàdé lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe èèdì, kì í sì í ṣe ìṣúra. Ààtàn ni. Ààtàn agboolé kan, níbi tí àwọn obìnrin ilé ti ń da eérú àti ìkòkò fífọ́ nù láràárọ̀, bóyá fún ogún ọdún, bóyá fún ọgọ́rùn-ún ọdún, títí ilẹ̀ ibẹ̀ fi dúdú. Àwọn awalẹ̀pìtàn fẹ́ràn ààtàn ju ààfin lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ààfin, wọ́n á ti gbá a mọ́, wọ́n á ti tún un kọ́ nígbà márùn-ún, ohun tó bá sì níye lórí níbẹ̀, ọmọ ọba á ti kó o lọ. Ààtàn ò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n jẹ, ohun tí wọ́n fọ́, ohun tí wọ́n rà lọ́jà tí ò wúlò mọ́, gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀ ní ìpele ìpele, tìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ débẹ̀, tòkè ló dé gbẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ yìí ń lọ lọ́wọ́ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun báyìí bí ò tiẹ̀ sí ẹni tó ń pariwo ẹ̀ lórí rédíò. Ẹ̀sítéètì ń jẹ oko, títì ń la inú igbó kọjá, àwọn tó ń wa góòlù nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ń gbẹ́ kòtò káàkiri, ibi tí katapílà bá sì gbà fún wákàtí mẹ́ta, ohun tó gba àwọn baba ńlá wa ní irínwó ọdún láti kó jọ síbẹ̀ ti dàrú. Tí àwọn díẹ̀ bá wá láti yunifásítì pẹ̀lú okùn, èèkàn àti irin pẹlẹbẹ kékeré bíi tàwọn bíríkìlà, tí wọ́n wọn ilẹ̀ mítà méjì sí méjì, tí wọ́n jókòó tì í fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ará àdúgbò á ní góòlù ni wọ́n ń wá, wọn ò kàn fẹ́ sọ fún wa ni. Ká sòótọ́, mi ò dá àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́bi, torí ta ló máa gbà pé àgbà ọkùnrin tó kàwé tó bẹ́ẹ̀ wá láti òkè òkun torí àpáàdì?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ahoro jẹ́. Ìlú Yorùbá kì í dúró sójú kan. Kò sí agboolé kan ní Òṣogbo yìí tí ò ní ìtàn pé ibi báyìí la ti wá ká tó dé ibi tá a wà, ogun lè lé wọn, omi lè gbẹ, àìsàn lè wọlé, wọ́n lè jà lórí oyè kí apá kan sì kó ẹrù wọn. Wọ́n á fi ilé sílẹ̀, òjò á rọ̀, òrùlé á jìn, ògiri amọ̀ á yọ́ padà di ilẹ̀, igbó á bò ó. Ṣùgbọ́n ojú tó bá mọ̀ ọ́n wò á ṣì rí i: akòko tó dá dúró níbi tí ẹnikẹ́ni ò gbìn ín sí, pèrègún tó tò bí ààlà, òkìtì pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tí kì í ṣe ti ikán, àpáàdì tó ń yọjú lórí ebè lẹ́yìn òjò. Àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ mọ ibi wọ̀nyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Awalẹ̀pìtàn tó bá gbọ́n, ọ̀dọ̀ wọn ló kọ́kọ́ ń lọ, kó tó lọ wo máàpù.

Òṣogbo fúnra ẹ̀ ńkọ́? Gbogbo wa la mọ ìtàn náà. Láròóyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ kúrò ní Ìpólé torí omi, wọ́n dé etí odò, wọ́n gé igi, igi wó sínú omi, ohùn kan sì ké jáde pé àwọn oṣó inú igbó, ẹ ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró mi tán. Ẹ tún un kà dáadáa. Ìtàn tó dá ìlú wa sílẹ̀, tó tún fún wa lórúkọ, ìkòkò fífọ́ ló wà nínú ẹ̀! Ìtàn náà tún sọ pé inú igbó yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀dó sí kí wọ́n tó kó lọ sókè níbi tí ìlú wà lónìí. Àwọn kan á ní àlọ́ ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akinwumi Ogundiran lọ wa ilẹ̀ nínú Igbó Ọ̀ṣun, ó sì gbé iṣẹ́ ẹ̀ jáde lọ́dún 2014, ibùdó èèyàn ló bá níbẹ̀ lóòótọ́, àwọn tó gbé ibẹ̀ láàárín bíi ọdún 1600 sí àwọn ọdún 1700. Ìlú kékeré ní ojú ààlà, tó wà láàárín àwọn ìjọba tó lágbára jù ú lọ.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń rọ́ wọ igbó yẹn ní oṣù August, àwọn míì láti Brazil, wọ́n á ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ère tí Àdùnní Olórìṣà, ìyẹn Susanne Wenger, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà tó bá a ṣiṣẹ́ mọ síbẹ̀, wọ́n á pọn omi, wọ́n á lọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, orí ilé àwọn tó kọ́kọ́ dé Òṣogbo ni wọ́n ń tẹ̀. UNESCO gba igbó náà wọlé sára àwọn ibi àjogúnbá ayé ní 2005, hẹ́kítà 75 ni. Àmọ́ kì í ṣe UNESCO ló pa ahoro yẹn mọ́ o. Èèwọ̀ ni. A kì í dáko níbẹ̀, a kì í dẹ̀gbẹ́, a kì í pẹja, torí náà ọkọ́ ò fi bẹ́ẹ̀ tú ilẹ̀ ibẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Gbogbo oko tó yí igbó náà ká ò rí irú oore-ọ̀fẹ́ yẹn gbà.

Nísinsìnyí, ìbéèrè tí àwọn èèyàn máa ń bi mí ni pé kí ló dé tí wọn ò kúkú dúró ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí ohun gidi wà? Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ sí Ifẹ̀. Lọ́dún 1938, àwọn tó ń gbẹ́ fáńdéṣọ̀n ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, lẹ́bàá ààfin, bá àwọn orí onídẹ pàdé nínú ilẹ̀, àwọn orí tí gbogbo ayé wá ń pariwo ẹ̀ títí dòní. Ó dùn mọ́ni, àbí? Ṣùgbọ́n fáńdéṣọ̀n ni wọ́n ń gbẹ́, gẹ́gẹ́ bíi ti àbúrò bàbá mi. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé báyìí ni wọ́n ṣe tò ó, èyí ló wà lápá ọ̀tún, eérú wà lábẹ́ ẹ̀ tàbí kò sí. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń jiyàn di òní lórí ohun tí wọ́n ń fi orí wọ̀nyẹn ṣe àti ìdí tí wọ́n fi sin ín síbẹ̀. Orí idẹ wà nínú gíláàsì ní mùsíọ́ọ̀mù, ẹnu ẹ̀ dákẹ́.

Ẹ wá fi Igbó Olókun wé e, Ifẹ̀ yẹn náà ni. Láti ayé àwọn bàbá wa ni wọ́n ti ń wa ìlẹ̀kẹ̀ níbẹ̀ tà, Frobenius ará Jámánì náà ti wà á ní 1910. Ọ̀mọ̀wé Abidemi Babatunde Babalola wá débẹ̀ pẹ̀lú asẹ́ tí ihò ẹ̀ kéré, wọ́n ń sẹ́ erùpẹ̀ bí ẹni ń sẹ́ ògì, wọ́n rí ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000. Àmọ́ kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ni ọba ọ̀rọ̀ náà. Àpáàdì ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ gíláàsì ni, àti ìdọ̀tí gíláàsì tó dà sílẹ̀ nígbà iṣẹ́. Èèyàn lè ra ìlẹ̀kẹ̀ lọ́dọ̀ Lárúbáwá, kò sẹ́ni tó máa ra ìdọ̀tí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí wọ́n gbé e dé láàbù, èròjà inú ẹ̀ yàtọ̀ sí ti gíláàsì ìlú òkèèrè, ó túmọ̀ sí pé àwọn ará Ifẹ̀ ló ń pò ó fúnra wọn láàárín bíi ọdún 1000 sí 1500. Ìdọ̀tí ló jẹ́rìí.

Ṣùgbọ́n Ifẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́ dé, ìgbèríko ni. Ẹni tó bá ka ìtàn ayé ìgbà yẹn, Ifẹ̀ lá gbọ́, Benin lá gbọ́, bíi pé igbó lásán ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn wà níbẹ̀, wọ́n ń gbin iṣu, wọ́n ń mọ ìkòkò, wọ́n ń fẹ́yàwó láti abúlé kejì. Ìlọyì, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà lápá àríwá, jẹ́ irú ibẹ̀. Ogundiran yìí náà ló wà á, ó sì gbé àbájáde ẹ̀ jáde ní 2002: ibùdó kan láàárín bíi ọdún 1200 sí 1600, ìyẹn àkókò tí òyìnbó ń pè ní ayé àárín nílẹ̀ tiwọn. Ìlọyì kì í ṣe olú-ìlú ìjọba kankan, kò sì sí orí idẹ tó gbé e lókìkí. Ṣùgbọ́n ó bọ́ sí àyè àfo yẹn gan-an, torí ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ fi hàn pé àwọn ará ìgbèríko náà wà lára ìbáṣepọ̀ tó so Ifẹ̀ pọ̀ mọ́ Benin. Fún èmi o, Ìlọyì yẹn wú mi lórí ju orí idẹ mẹ́wàá lọ, torí tí mo bá ro ó dáadáa, àwọn baba ńlá mi ò gbé ààfin. Abúlé ni wọ́n gbé.

Ó tún ku Ẹdẹ-Ilé, ẹ̀gbẹ́ wa níbí ni, ibi tí àwọn ará Ẹdẹ ti kó wá. Ìtàn ní Ọ̀yọ́ ló rán Tìmì wá tẹ̀ ẹ́ dó kó máa ṣọ́ ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n wa ibẹ̀, wọ́n bá ìkòkò tó jọ ti Ọ̀yọ́, owó ẹyọ, àti ìkòkò tábà. Igi oṣè sì wà níbẹ̀! Oṣè, igi ọ̀dàn, nílẹ̀ igbó. Àwọn ará Ọ̀yọ́ tó dé ibi tó ṣàjèjì sí wọn mú igi ilé wọn dání, gẹ́gẹ́ bí ìyá arúgbó tó bá kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀ l'Ékòó ṣe máa gbin ewúro sínú ike lẹ́yìnkùlé.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ọdún? Ibí yìí gan-an ló dùn jù. Èédú ni àkọ́kọ́. Ohun tó bá wà láàyè, igi ni o, ẹran ni o, á máa gba kábọ́ọ̀nù 14 (irú kábọ́ọ̀nù kan tó ń ṣá lọ fúnra ẹ̀) sínú láti inú afẹ́fẹ́ tàbí oúnjẹ, ọjọ́ tó bá kú, gbígbà dópin, èyí tó wà nínú ẹ̀ á wá máa dín kù díẹ̀díẹ̀, ó ń gbà tó ọdún 5,730 kó tó ku ìdajì. Láàbù á wọn èyí tó kù, wọ́n á ṣírò. Kì í ṣe ọdún kan pàtó ni wọ́n ń rí, àlàfo ni, bíi "láàárín 1290 sí 1400". Tí nǹkan bá sì ti ń sún mọ́ ayé tiwa, láti bíi ọdún 1650 síbí, ìṣirò yẹn máa ń dojú rú, kò ní lè sọ ibi tó wà gan-an.

Ìgbà yẹn ni wọ́n á wá bi àgbàdo. Mo ní àgbàdo! Àwọn ìyá wa tó ń mọ ìkòkò máa ń yí nǹkan lára amọ̀ tútù kó lè ní ọnà: okùn tí wọ́n lọ́, igi tí wọ́n gbẹ́, nígbà tó yá, ṣùkù àgbàdo. Ẹ̀ẹ́ rí i bó ṣe tẹ ojú wóróbo wóróbo sára ìkòkò. Amẹ́ríkà ni àgbàdo ti wá, kò sì sí nílẹ̀ wa kí Columbus tó wọkọ̀ lọ síbẹ̀ ní 1492. Ìpele ilẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti rí ojú ṣùkù àgbàdo lára ìkòkò, ẹ ti mọ̀ pé ìpele yẹn ò lè dàgbà ju bíi ọdún 1500 lọ. Tábà náà, Amẹ́ríkà ni, torí náà ìkòkò tábà tó fọ́ dà bí ìwé ọjọ́ ìbí fún awalẹ̀pìtàn. Owó ẹyọ, inú òkun India ló ti wá, erékùṣù Maldives, àwọn òyìnbó ló fi ọkọ̀ kó o dà sí etíkun wa lọ́pọ̀ yanturu, àmọ́ èyí tó kéré ti ń gba aginjù wọlé ṣáájú wọn, ẹni tó bá rí ẹyọ kan ṣoṣo kó má tíì fò sókè. Kíkà ni wọ́n ń kà á.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló ń ṣẹ́kù ṣá. Ilẹ̀ igbó wa kan, ó ń jẹ eegun, ẹran tí wọ́n jẹ ní ìgbà yẹn, díẹ̀ lẹ máa rí. Iṣu tá a fi ń yangàn yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má fi nǹkan kan sílẹ̀. Ẹ̀kùrọ́ ló ṣe bẹbẹ, tó bá ti jó, ó di àìkú.

Àwọn òyìnbó náà ní ahoro tiwọn o, ẹ má rò pé àwa nìkan là ń kó ẹrù kiri. Abúlé kan wà ní Yorkshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Wharram Percy. Nígbà tó fi máa di bíi ọdún 1500, àwọn onílẹ̀ ti lé ìyókù àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ kúrò torí wọ́n fẹ́ fi ilẹ̀ sin àgùntàn, owó irun àgùntàn ló wọ̀ wọ́n lójú (ọmọ onílẹ̀ ti pẹ́ láyé!). Maurice Beresford bẹ̀rẹ̀ sí í wa ibẹ̀ ní 1950, John Hurst wá dara pọ̀ mọ́ ọn, wọn ò parí ẹ̀ títí di 1990. Ogójì ọdún lórí abúlé kan! Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ́dọọdún, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dọ̀ọ́ parí ẹ̀ pẹ̀lú ewú lórí. Lára ohun tó jáde níbẹ̀ ni eegun 137, ti èèyàn bíi mẹ́wàá ó kéré tán, tí wọ́n tún wò fínnífínní ní 2017, ojú ọ̀bẹ wà lára ẹ̀, wọ́n sì ti dáná sun ún lẹ́yìn ikú. Àlàyé tí àwọn tó ṣèwádìí rò pé ó bá a mu jù ni pé àwọn ará abúlé ń bẹ̀rù kí òkú má dìde rìn. Àkúdàáyà! Ní Yorkshire! Tẹ́ ẹ bá sọ fún òyìnbó pé ẹ̀rù àkúdàáyà ń bà wá, á rẹ́rìn-ín.

Tiwa náà ì bá gba ogójì ọdún tó bá jẹ́ pé ilẹ̀ ń dúró de ni. Òfin wà, mi ò ní sọ pé kò sí. Láti 1979 ni òfin National Commission for Museums and Monuments, àjọ ìjọba tó ń bójú tó mùsíọ́ọ̀mù àti ohun àtijọ́, ti sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wa ilẹ̀ wá ohun àtijọ́ láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn, ẹni tó bá sì ṣèèṣì rí i, kó fi tó ìjọba létí láàárín ọjọ́ 7. Òfin míì ti 1992 ní kí wọ́n ṣàyẹ̀wò àyíká kí iṣẹ́ ńlá tó bẹ̀rẹ̀. Ó dáa. Mélòó nínú àwọn bíríkìlà wa ló ti gbọ́ ọ rí? Èmi tí mo ka ìwé díẹ̀, ọjọ́ tí ìkòkò yẹn jáde, ṣé mo rántí lókà gọ́fúnmẹ́ǹtì? Onílé gan-an ń bẹ̀rù pé tóun bá sọ̀rọ̀, wọ́n á gba ilẹ̀ lọ́wọ́ òun, kò sì sí ẹni tó ti jókòó ṣàlàyé fún un bóyá bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìbẹ̀rù yẹn ló ń fọ́ ìkòkò, kì í ṣe dígà.

Ti góòlù ló burú jù. A rí bí odò Ọ̀ṣun ṣe pọ́n bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, débi pé ní 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ ń kìlọ̀ fún àwọn olùjọsìn pé kí wọ́n má mu omi ẹ̀ nígbà ọdún. Ọ̀rọ̀ omi yẹn ni gbogbo èèyàn gbọ́, ó sì yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ. Àmọ́ ẹrẹ̀ tó ń pọ́n omi yẹn, láti inú ilẹ̀ ló ti wá, etí odò sì ni àwọn èèyàn àtijọ́ fẹ́ràn láti tẹ̀dó sí. Ẹni tó ń fọ ilẹ̀ nítorí góòlù ò ní dúró wo àpáàdì.

Lọ́jọ́ kan mo mú àpáàdì mi lọ fún obìnrin kan tó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ yìí, ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ mi ni. Ó gbà á, ó yí i sí oòrùn, ó fi èékánná tọ ojú ọnà ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, okùn lílọ́ ni wọ́n fi yí èyí, kì í ṣe ṣùkù àgbàdo." Mo ní ṣé ó ti pẹ́ gan-an nìyẹn, àyà mi ti ń lù. Ó ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn ò fi okùn sílẹ̀ nígbà tí àgbàdo dé. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí: báwo ni ibi tó ti jáde ṣe jìn tó? Kí ló wà lábẹ́ ẹ̀, kí ló wà lókè ẹ̀? Àwọn tó kù ńkọ́, èyí tó ní ojú àgbàdo wà nínú wọn àbí kò sí? Èédú ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ dà?

Mo ní abẹ́ kíṣìnnì ni gbogbo ẹ̀ wà. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó dá àpáàdì mi padà fún mi.